Awọ ìjókòó ọkọ̀ yín kò tíì kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á ya dànù

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Sákétẹ́, ní Pọ́bẹ̀, àti ẹ̀yin Ìfẹ̀ ní Atakpamé lápá Tógò, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ olówó létí àwọn kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìjókòó aláwọ inú ọkọ̀ spọ́ọ̀tù àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa náà wà nínú rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ ọ́, iṣẹ́ tapissier la fi ń jẹun. A ń rán ìjókòó ọkọ̀, a ń tún àga pálọ̀ ṣe, bí ọjà ò bá sì yá, a ń rán ìjókòó alùpùpù àwọn zem. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Peugeot 406 Coupé kan wá bá wa. Kì í ṣe 406 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀ sí taksí o. Coupé ni, onílẹ̀kùn méjì, èyí tí àwọn Pininfarina ní ilẹ̀ Ítálì yà, tí àwọn náà sì tò pọ̀ fún Peugeot, tó bọ́ sójà ní 1997. Ọkọ̀ náà rẹwà lójú, ẹnjìnnì rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìjókòó ló bà á jẹ́. Awọ ti dẹ̀ lórí ìjókòó iwájú méjèèjì, ó hunjọ níbi tí wọ́n ń fi ìdí lé, ibi ẹ̀yìn tó yẹ kó wọnú sì wú síta bí ẹni tó gbé afẹ́fẹ́ mì.

Ó ní tapissier kan tí òun ti kọ́kọ́ lọ bá sọ fún òun pé awọ yẹn ti kú. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn fà á ya, kí àwọn fi skaï tuntun rán an, pupa àti dúdú, bí ayé ṣe ń ṣe é báyìí. Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́, àyà rẹ̀ já, ó ní kí wọ́n dúró, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. A bi í pé awọ ẹ̀yìn tí wọ́n fà ya ńkọ́? Ó ní, "Patron, wọ́n ti dà á sí ààtàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá gan-an, nítorí pé awọ tí wọ́n dà nù yẹn kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Yorùbá máa ń sọ pé awọ ò kájú ìlù. Ti ìjókòó àtijọ́ yìí yàtọ̀: awọ kájú ìlù, ó tún ṣẹ́kù. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣẹ́ bi ara rẹ̀ kó tó mú ọ̀bẹ ni pé, kí ló dé tó fi ṣẹ́kù? Ọ̀pọ̀ wa kì í bi í. A kàn rí awọ tó hunjọ, a sọ pé ó ti gbó.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe awọ ló tóbi sí i. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló kéré sí i. Ẹ wo èèyàn tó ṣàìsàn oṣù mẹ́ta tó wá gbé agbádá rẹ̀ àtijọ́ wọ̀. Ṣé agbádá ló dàgbà ni? Mousse inú ìjókòó ọkọ̀, polyuréthane ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí èyí tí kì í darúgbó. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún tí èèyàn ti ń jókòó lé e, tí ooru àti òógùn ti ń wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Tí a bá tú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun á máa dà sílẹ̀ bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tù tilẹ̀ tún burú jù. Ìjókòó rẹ̀ ní etí gíga lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ṣe kí ara awakọ̀ má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá ń sáré yí kọ́nà. Ọkọ̀ náà sì kúrú nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wọlé kì í jókòó sínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń já ara rẹ̀ sí i, etí ìjókòó yẹn ló sì máa ń fi ìdí àti itan gbo kọjá ní gbogbo ìgbà. Ẹ lọ wo ọkọ̀ aláwọ èyíkéyìí tó ti pẹ́: ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ tó kọjú sí ilẹ̀kùn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá fi skaï tuntun bo mousse tó ti fọ́ yìí, ẹ kàn fi aṣọ tuntun wọ̀ fún aláìsàn ni. Kí ọdún yípo, skaï náà á hunjọ ní ojú ibẹ̀ gan-an.

Ohun kejì ni agrafe. Ìjókòó tó bá ní ibi tó wọnú, awọ rẹ̀ kì í ṣe pé a kàn tẹ́ ẹ lé e lórí. Lẹ́yìn awọ, a máa ń rán àpò tóóró kan tí wáyà kọjá nínú rẹ̀. Wáyà mìíràn wà tí wọ́n dà mọ́ inú mousse. Òrùka irin kéékèèké, èyí tí à ń pè ní agrafe, ló so wáyà méjèèjì pọ̀, òun ló ń fa awọ wọnú kòtò. Tí òrùka méjì tàbí mẹ́ta bá já nítorí ìpẹtà, awọ á fò sókè, ẹni tí kò mọ̀ á sì sọ pé ìjókòó ti bàjẹ́. Ìjókòó bẹ́ẹ̀ wà tí a ti tún ṣe kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ gbàgbọ́ pé agrafe lásán la fi ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni colle. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n lẹ awọ mọ́ mousse ni níbi tó wọnú. Oòrùn tiwa níbí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn Yúróòpù. Láti oṣù kìíní 2017 tí ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnu bodè orí ilẹ̀ wọ ìlú wọn, àwa fúnra wa ń rí ọkọ̀ occasion tó pẹ́ nínú pákì ju bó ṣe yẹ lọ, tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì pa, tí inú rẹ̀ gbóná bí ààrò. Colle á yọ́, awọ á ṣí. Aṣọ òrùlé inú ọkọ̀ tó ń já wálẹ̀ lé orí èrò, àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni a tó lè wá sọ pé awọ fúnra rẹ̀ ti fà. Òótọ́ ni, awọ máa ń fà. Ṣùgbọ́n èyí tó fà gan-an kì í tó bí ojú ṣe ń rí i.

Báwo la ṣe ṣe ti 406 yẹn? A kọ́kọ́ tú bátìrì, a sì dúró díẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan wáyà kankan lábẹ́ ìjókòó. Ìdí tí a fi dúró ń bọ̀ nísàlẹ̀. A tú boulon, a gbé ìjókòó jáde, a fi páńṣà gé agrafe, a sì bọ́ awọ bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀, láì ya ibì kankan. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ ti fọ́ pátápátá. A gé ibẹ̀ kúrò, a lẹ mousse tó le ju ti àárín lọ mọ́ ọn, a fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, a sì fi yanrìn-pépà ha á títí tó fi bá ti ẹ̀gbẹ́ kejì mu. Iṣẹ́ tó gba ọjọ́ jù nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa rí i. Lẹ́yìn náà, a tẹ́ ouate tín-ín-rín lé gbogbo rẹ̀ lórí. Òun ló ń jẹ àṣẹ́kù awọ tó fà: ó ń kún un láti inú. A gbé awọ padà, a so ó pẹ̀lú agrafe tuntun, bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Níkẹyìn, a fi ẹ̀rọ tó ń tú oru omi jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń na aṣọ ìyàwó, rọ awọ náà, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í lọ sí etí bí ó ti ń rọ̀. Bí ó ti ń gbẹ ló ń fà mọ́ra díẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tó ṣì hunjọ, lábẹ́ itan. A tú ojú ìrán ibẹ̀, a dín in kù ní ìwọ̀n mílímítà díẹ̀, a sì tún un rán sínú ihò abẹ́rẹ́ tó ṣeé lò nínú ti àtijọ́, pẹ̀lú òwú polyester. Òwú kọ́tìnì kì í pẹ́ jẹrà lábẹ́ òógùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rán awọ yín.

Lórí ọ̀rọ̀ ooru, ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Oníbàárà kan wí fún wa pé, "Ṣebí tí awọ ìlù bá dẹ̀, onílù á gbé e sún mọ́ iná, á sì le? Ẹ fi iná sí i kíákíá." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ ìlù, awọ tútù ni, tí wọ́n fá irun rẹ̀, tí wọ́n fà á le, tí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Awọ ọkọ̀, wọ́n ti fi oògùn ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ chrome ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì tún kun ọ̀dà tín-ín-rín sí ojú rẹ̀. Ooru díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Tó bá pọ̀ jù, ọ̀dà yẹn á fọ́, awọ á súnkì lójijì, á le bíi páálí, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láé. A ti rí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná jó báyẹn. Ó ṣeni láàánú.

Nítorí ọ̀dà yìí kan náà ni epo tí àwọn kan ń fi pa ìjókòó kò ṣe ń ṣe é láǹfààní. Kò ráyè wọlé. Ó kàn wà lókè, ó ń kó eruku jọ, ó ń ba ṣòkòtò jẹ́. Javel tilẹ̀ burú ju epo lọ. Aṣọ tó tutù díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ti tó.

Ohun tó mú wa gbé kálámù gan-an nìyí o. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi airbag sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Volvo ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ní 1994, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá ti yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, airbag yẹn á bẹ́ jáde láti inú ìjókòó kí ojú tó ṣẹ́, á sì wà láàárín ìhà yín àti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kó tó lè jáde, awọ ìjókòó gbọ́dọ̀ ya níbi kan pàtó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òwú tí kò le rán ojú ibẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kó lè já lásìkò tó yẹ. Ẹ ó rí àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, wọ́n á kọ AIRBAG tàbí SRS sí i.

Ọkọ̀ Jámánì kan wà tí wọ́n gbé wá bá wa, wọ́n ti fi skaï rán ìjókòó rẹ̀ ní ibòmíràn. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, a ò ní purọ́. Òwú nylon tó nípọn ni wọ́n fi rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìrán ìlọ́po méjì, gba orí airbag kọjá. Àmì AIRBAG náà, wọ́n gé e kúrò lára awọ àtijọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà sórí skaï tuntun kó lè dára lójú. Ìyá kan ló ń fi ọkọ̀ yẹn gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Kò mọ nǹkan kan. Tapissier tó rán an náà, a gbà pé kò mọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Àwọn patron ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin la ń bá wí níbí, kò sì yẹ kó bí yín nínú, nítorí àwa náà ti ṣe é rí kí a tó mọ̀. Ẹ má rán ojú ibẹ̀ ní òwú líle. Ẹ má fi housse tí kò ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bo irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ẹ tú bátìrì, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fa wáyà, nítorí iná ṣì lè wà nínú ẹ̀rọ tó ń darí airbag. Tí ẹ bá tún rí abala pẹlẹbẹ tó ní wáyà lábẹ́ awọ ìjókòó èrò iwájú, ẹ má fà á sọnù bí ìdọ̀tí: ó lè jẹ́ òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Níwọ̀n bí a ti mọ̀ pé ojú ìrán ilé iṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì tó báyìí, ìdí mìíràn nìyẹn láti tọ́jú awọ àtijọ́ dípò kí a fà á ya. Ẹni tó dá ojú ìrán ibẹ̀ sí kò ní láti máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá òwú tó yẹ.

A mọ ohun tí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní skaï dínwó, ó yá, omi kì í wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Taksí tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, skaï ló dára fún un, àwa fúnra wa la ń rán an, a sì ń gba owó rẹ̀. Wọ́n á tún ní awọ mìíràn wà tó ti kú lóòótọ́. Ó wà. Tí ẹ bá ká a tó fọ́ bí ewé gbígbẹ, tàbí tí ihò abẹ́rẹ́ ojú ìrán rẹ̀ ti ya wọ inú ara wọn, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n kódà èyí tó kú, ẹ má dà á nù kí iṣẹ́ tó parí. Òun ni wọ́n máa tú lójú ìrán, tí wọ́n máa tẹ́ sórí awọ tuntun, tí wọ́n máa fi gé e. Tapissier tó bá da awọ àtijọ́ nù kó tó gé tuntun, ojú lásán ló máa fi wọ̀n ọ́n.

Lójú wa, ohun tó ń lé àwọn èèyàn wọnú skaï ju owó lọ ni pé fífa ya rọrùn láti ṣe, ó sì rọrùn láti kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe libération lónìí, tí wọ́n ń pa adìyẹ, tí wọ́n ń jó, tí wọn ò tíì gbẹ́ mousse kan rí láyé wọn. Wọ́n mọ bí a ṣe ń rán awòrán dáyámọ́ńdì sórí skaï. Ìyẹn náà iṣẹ́ ni, a ò fojú tín-ín-rín i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ tó dára kò tán ní ilẹ̀ wa, àwọn tó ni wọ́n ń pọ̀ sí i, owó tí wọ́n sì ń san fún ẹni tó lè dá ìjókòó padà sí bó ṣe wà yàtọ̀ sí owó skaï. Tí àwọn ọmọ wa ò bá mọ̀ ọ́n, ibòmíràn ni owó yẹn máa lọ. Mousse àga pálọ̀ ìyá yín tó ti rì sínú, ọ̀nà kan náà la ń gbà tún un ṣe, ẹ má rò pé ti olówó nìkan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ńkọ́? Kí ẹ tó gbà, ẹ ní kí tapissier tú ìsàlẹ̀ ìjókòó kan, kó fi mousse hàn yín. Ẹni tó bá ní kò sóhun tí òun fẹ́ wò níbẹ̀, ẹ fi ọgbọ́n gbé ọkọ̀ yín. Tí ẹ ò bá dá a lójú pé awọ gidi ni tiyín, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: awọ gidi á rí bí irun wẹ́wẹ́, skaï á fi aṣọ tí wọ́n hun hàn yín. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá bá méjèèjì lórí ìjókòó kan ṣoṣo. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà máa ń fi awọ sí ibi tí ìdí àti ẹ̀yìn kàn, kí wọ́n sì fi èyí tí kì í ṣe awọ sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn pátápátá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti gba ìjókòó iwájú méjèèjì. Ọjọ́ tó wá gbé e, ó jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì tan ẹnjìnnì, ó kàn ń fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ti ẹ̀yìn ṣì wà ní mousse lásán, aṣọ la ta bò ó. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ pákì tí wọ́n ti ń tú 406 Coupé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìbáà ṣe ní Kútọnu tàbí ní Lomé, kó fi tó wa létí. Ìjókòó ẹ̀yìn nìkan la fẹ́, awọ dúdú. Tó bá tilẹ̀ dẹ̀, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀.